Ìyá Ìbejì, Má Tún Kó Àwọn Ọmọ Pamọ́ Lọ́dún Yìí

Àbẹ̀kẹ́, gbé fóònù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ rẹ, kí o gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ dí. Ọwọ́ ta ni ò dí ní Amẹ́ríkà? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí Táíwò ti tú àṣírí yín fún mi. Ó ní lálẹ́ Halloween èṣí, ẹ pa gbogbo iná ilé, ẹ fa kọ́tìnnì dí, bàbá wọn ní kí ẹnikẹ́ni má wúkọ́, gbogbo yín wá jókòó sínú òkùnkùn bí ajigbèsè tí olówó ká mọ́lé. Ta lẹ sá fún? Àwọn ọmọ kíláàsì Táíwò tí wọ́n wọ aṣọ Spider-Man! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí ẹ̀rín tán, inú bí mi sí ọ díẹ̀.

Ilé tí ẹ ń san owó gọbọi lé lórí lóṣooṣù ní Houston, lẹ wá ń yọ́ rìn nínú rẹ̀ nítorí ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń tọrọ súìtì. Kẹ́hìndé ní ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì lòun ti ń yọjú wo àwọn ẹgbẹ́ òun. Ìyá Ìbejì, ìyẹn ò dáa. O ò fẹ́ kí wọ́n máa tọrọ súìtì láti ojúlé dé ojúlé, mo gbọ́, n ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé, ṣebí a máa ń fi òmíràn sí i lọ́wọ́. Ìwọ gbà á, o tún wá ti ọmọ sínú òkùnkùn.

Kí ló tiẹ̀ fa ìbẹ̀rù yìí? Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp ni, níbi tí obìnrin kan ti ń pariwo pé wọ́n ń fi májèlé sínú súìtì àwọn ọmọ, pé kí a tètè tan án kálẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń jà ràn-ìn nílẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Yunifásítì Delaware, Joel Best lorúkọ rẹ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wò, èyí tó ti jáde láti 1958. Kò rí ẹyọ kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé àjèjì fi májèlé sínú súìtì Halloween, tó ń pín in fún ọmọ yòówù tó bá kan ilẹ̀kùn, tí ọmọ sì tibẹ̀ kú. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìdílé kan ní Deer Park ní 1974. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló kú. Ẹni tó fi sáyánáìdì sínú súìtì rẹ̀ ni Ronald O'Bryan, bàbá tó bí i lọ́mọ, nítorí owó ìbánigbófò tó fẹ́ gbà lórí ẹ̀mí rẹ̀. Ìjọba Texas pa òun náà ní 1984. Kì í ṣe ará àdúgbò o, bàbá ni. Nítorí náà, tú báàgì wọn wò kí wọ́n tó jẹ ẹ́, ju èyí tí bébà rẹ̀ ti ya nù, kí o sì kó súìtì líle, ẹ̀pà àti gúgúrú kúrò níwájú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kó má baà há a lọ́fun. Ó parí.

Mọ́tò ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, o ń pa làpálàpá. Àwọn dókítà kan ní Kánádà kó àkọsílẹ̀ ìjàǹbá ọkọ̀ Amẹ́ríkà wò, ọdún 42 gbáko, láti 1975 dé 2016. Wọ́n mú ìrọ̀lẹ́ Halloween, wọ́n fi wé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ewu kí ọkọ̀ pa ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́jọ́ náà. Tó bá wá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Ọmọ ọdún mélòó ni àwọn ìbejì rẹ? Nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló sì burú jù, ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré bọ̀ wálé, tí òòrùn ń wọ̀, tí ojú ò ríran dáadáa mọ́.

Wò ó bó ṣe ń rí. Aṣọ dúdú tó gùn wọ́lẹ̀, tó ń kọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìbòjú rọ́bà tí ihò ojú rẹ̀ ti yẹ̀ bọ́ sórí imú. Báàgì súìtì ń fa ọwọ́ ọ̀tún wálẹ̀, ọwọ́ òsì ń gbé ìbòjú sókè kó lè mí. Ó wá tajú kán rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì títì. Kò sí iwin níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, kò sí májèlé. Ọmọdé tó ń sáré ni, àti ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí ọkàn rẹ bá wá yọ́ lọ́jọ́ kan tí o ní kí wọ́n lọ, ṣẹ́ etí aṣọ náà sókè, fi ọ̀dà ojú dípò ìbòjú, lẹ téépù tó ń tàn yòò mọ́ wọn lẹ́yìn, kí àgbàlagbà sì di ọwọ́ kọ̀ọ̀kan wọn mú. Ọwọ́ ni mo wí o, n ò ní kó máa tẹ fóònù tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.

Mo mọ ìdí kejì tí o ò fẹ́ sọ fún mi. Lọ́kàn rẹ, ọjọ́ ẹ̀mí òkùnkùn ni. Ìwọ! Ìwọ tí o sáré tẹ̀lé eégún Alápáǹsáǹpá n'Ìbàdàn títí ìyá rẹ fi ń wá ọ kiri pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́! Ọdún ìkórè àwọn ará Ireland àtijọ́ wà nídìí rẹ̀ lóòótọ́, àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ló sì kó o dé Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Tọ́nípù ni wọ́n ń gbẹ́ ojú sí nílé wọn, ibí ni wọ́n ti bá elégédé. Ṣùgbọ́n àìsùn Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ náà ni, torí ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá nìyẹn máa ń bọ́ sí. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó wà ní Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn, tí ẹ máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, kí lorúkọ rẹ̀? All Saints. Èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì ni kí o fi kọ́ àwọn ọmọ. Ìgbàgbọ́ rẹ ni, n ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Sísápamọ́ ni mi ò gbà.

Àwọn òyìnbó fúnra wọn ló kọ́kọ́ wá nǹkan mìíràn fi rọ́pò. Ní Anoka, ní Minnesota, àwọn ọ̀dọ́ máa ń da ìlú rú lálẹ́ ọjọ́ náà: wọ́n á tú màlúù sí ìgboro, wọ́n á fi ọṣẹ kun fèrèsé àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ní 1920, àwọn àgbà ìlú ò ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ṣètò ìwọ́de àti àríyá ni. Títí di òní wọ́n ṣì ń ṣe é. Irú ọgbọ́n yẹn ni mo ń bá ọ wá.

Èyí tí wọ́n ń pè ní trunk-or-treat ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ló ń ṣe é. Wọ́n á gbé ọkọ̀ sí ìlà nínú ọgbà, wọ́n á ṣí bọ́ọ̀tù, wọ́n á ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ọmọ á máa gba súìtì láti bọ́ọ̀tù dé bọ́ọ̀tù. Ó dáa, torí ọkọ̀ kankan ò ní máa rìn láàárín wọn. Bí wọ́n bá ṣe é nítòsí, ẹ lọ.

Àmọ́ inú ilé yín ló wù mí jù. Pe ìdílé méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n dé ní aago márùn-ún. Tan iná, ṣí kọ́tìnnì, din púfúpúfú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ ẹni tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí púfúpúfú tó kàn án, á sọ fún wa ẹni tí òun jẹ́. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù Àjàyí Crowther á sọ bí ọmọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 ṣe di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Kẹ́hìndé lè ró ìró, kó wé gèlè, kó ní òun ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, kó sọ ohun tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Spider-Man náà lè wá, ẹ má lé e.

Ra elégédé kan. Má fi ọ̀bẹ lé ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́wọ́. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi kun ojú sí i. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ẹ, Bàbá Ìbejì ni kó mú ọ̀bẹ, kí àwọn ọmọ fi ṣíbí ha inú rẹ̀. Iná bátìrì ni kí ẹ gbé sínú rẹ̀, ẹ má tan àbẹ́là, nítorí aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Má sì da kóró rẹ̀ nù. Fọ̀ ọ́ títí yíyọ̀ rẹ̀ á fi tán, nù ún gbẹ, fi iyọ̀ àti òróró díẹ̀ pa á lára, kí o yan án títí á fi máa dún pọ́pọ́. Ìwọ tí o bó ẹ̀gúsí dàgbà, ta ní ń kọ́ ọ?

Tètè bi àwọn ìyá tó ń mú ọmọ bọ̀ léèrè ohun tí ara ọmọ wọn ò gbà. Dọ̀ǹkùwà rẹ dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀pà ni, ẹ̀pà sì lè gba ẹ̀mí ọmọ mìíràn. Láti 2014 ni FARE, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ara ò gbà, ti ń polongo rẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà pé kí ilé tó bá ní ẹ̀bùn tí kì í ṣe nǹkan jíjẹ gbé elégédé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ tó wà láàárín búlúù àti àwọ̀ ewé síta. Pẹ́ńsù, bọ́ọ̀lù kékeré, ìwé àmì alálẹ̀mọ́, inú ọmọ á dùn sí i. Ẹ̀gbọ́n wọn tó ti ń ṣe bí ọkùnrin ńlá, tó ní òun ò sí nídìí eré ọmọdé, òun ni kó jókòó síwájú ilé pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn bàbá, kó máa pín in fún ẹni tó bá ń kọjá. Wọn ò ní sá mọ́, wọ́n á máa fún ni.

Bí ilẹ̀ bá wá ṣú, ìgbà náà ni kí o pa iná. Ta aṣọ ìbùsùn funfun sáàárín pálọ̀, gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n máa fi ọwọ́ ṣe òjìji ehoro àti ẹyẹ. Lẹ́yìn náà kí o pè mí lórí fídíò. Wọn kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án nílé wa, o mọ̀, òkùnkùn gan-an ni àlọ́ ń fẹ́. Màá pa èyí tí Ìjàpá jẹ àsèjẹ tí babaláwo ṣe fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀, tí ikùn tirẹ̀ wá ń wú. Kẹ́hìndé á pariwo. Lẹ́yìn rẹ̀ màá fi ti iwin inú igbó kún un, màá rẹ ohùn sílẹ̀ dáadáa, wọ́n á súnmọ́ ọ títí wọ́n á fi gun orí itan rẹ. Ẹ̀rù tí ọmọdé ń wá kiri lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, ẹ̀rù tí ìyá wà nítòsí rẹ̀. Bí Yorùbá wọn ò bá tó, kí ẹ̀gbọ́n wọn máa túmọ̀. Kí ìwọ náà máa gbe orin, má sọ fún mi pé o ti gbàgbé.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan, fún ọkọ rẹ nìyí. Bàbá Ìbejì ń sáré wakọ̀, gbogbo wa mọ̀. Sọ fún un pé àǹtí ní kó kúrò níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́rin lọ́jọ́ náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, tó bá ti yà wọ àdúgbò, kó máa wa ọkọ̀ yẹn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wọlé, kó fi fóònù sápò. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ sá fún lọ́dún tó kọjá ló máa wà lójú títì yẹn.