Ohun Tí Ó Ń Mú Ọkọ̀ Òfuurufú Yà sí Ìlú Kan: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Ará Adó-Èkìtì

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ọjọ́ kan péré kí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí tó gbé ìjọba sílẹ̀, ni a ṣí pápákọ̀ òfuurufú Èkìtì ní ọ̀nà Ìjan. Láti ìgbà náà wá, níbikíbi tí àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá ti pàdé wa, ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá ni pé ìgbà wo ni ọkọ̀ òfuurufú yóò máa wá lójoojúmọ́. Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n ó ní èkejì tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀: kí ni ó ń mú kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú yan ìlú kan, kí ó sì fo òmíràn dá? Ilẹ̀ tí a fi ṣe pápákọ̀ yìí jẹ́ oko tí àwọn àgbẹ̀ fi ń jẹun, owó tí a ná sí i jẹ́ owó gbogbo wa. Bí a kò bá mọ bí àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ti ń ronú, a ó kàn máa dá ìjọba lẹ́bi lónìí, a ó sì máa yìn ín lọ́la, láìmọ ìdí kan fún èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi ọ̀dà tí a fi ń kun ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ojú ènìyàn ń kọ́kọ́ rí. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn ọdún 1970 kò lè gbàgbé erin abìyẹ́ tí ó wà ní ìrù ọkọ̀ Nigeria Airways, pẹ̀lú àwọ̀ ewé orílẹ̀-èdè wa lára ọkọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ yẹn kò bẹ̀rẹ̀ bí ti Nàìjíríà nìkan. Ní 1946 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá WAAC sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast tí í ṣe Gánà lónìí, Sierra Leone àti Gambia. Ní 1958 ni Nàìjíríà gba tirẹ̀. Erin náà fò títí di 2003, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pa ilé-iṣẹ́ náà rẹ́ nítorí gbèsè. Kò sí ohun tí ó ṣe erin náà. Ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò tó mọ́, ìwé ìṣirò ni kò sì dúró.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni a ń kùn ní funfun lónìí, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀ṣọ́ nìkan. Funfun kì í gba ooru sára, a sì máa ń tètè rí ibi tí irin ti ń là tàbí ibi tí epo ti ń jò lára rẹ̀. Ó tún rọrùn láti dá ọkọ̀ padà fún ẹni tí ó fi í háyà, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kì í ra ọkọ̀, wọn a máa háyà rẹ̀ ni. Ọ̀dà pàápàá ní ìwọ̀n: lára ọkọ̀ ńlá ó ń wọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò, epo ni a sì fi ń gbé e kiri. Fún ìdí èyí ni American Airlines fi jẹ́ kí irin ọkọ̀ rẹ̀ máa dán láìkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2013. Àmì kan ṣoṣo tí ọkọ̀ Nàìjíríà kò lè ṣàìní ni 5N tí a kọ sí ara rẹ̀, nítorí ìyẹn ni ó ń sọ ibi tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun yòówù tí a bá yà sí ìrù rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpolówó ni.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a dé ìdí ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kì í jèrè nígbà tí ó bá dúró nílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fò ní ìgbà púpọ̀ lójúmọ́, kí ìjókòó rẹ̀ sì kún ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ fi ATR 72 ṣe àpẹẹrẹ, ọkọ̀ oní-abẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará Faransé àti Ítálì jọ ń ṣe, tí ó ń gba nǹkan bí 70 èrò. Bí ó bá ń wá sí Adó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ìjókòó 140 ni ní àlọ àti àbọ̀, 980 sì ni láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá ní kí méje nínú mẹ́wàá kún, a nílò ènìyàn 686 lọ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Boeing 737 tí ó gba 150, ìjókòó ọ̀sẹ̀ kan di 2,100. A bẹ ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìṣirò kí ó ka iye ènìyàn tí òun mọ̀ tí wọ́n lè sanwó yẹn lọ́sẹ̀ tí kì í ṣe ti Kérésìmesì tàbí ti Àjíǹde. Òkú ṣíṣe ń kó èrò wálé ní ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó gbé wọn wá gbọ́dọ̀ padà ní ọjọ́ náà, ta ni yóò sì gbé lọ?

Ìtàn Green Africa kọ́ni ní èyí dáadáa. Ní oṣù Kejìlá 2018, wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ gba Boeing 737 MAX tó 100. Ní oṣù Kejì 2020, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Airbus fún 50 ọkọ̀ A220. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ní oṣù Kẹjọ 2021, ATR 72 tí wọ́n háyà ni wọ́n gbé jáde, díẹ̀ péré, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin sì wà lára àwọn ìlú àkọ́kọ́ wọn. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní tiwa, ìgbà tí wọ́n rántí ọkùnrin inú òwe Olúwa wa, ẹni tí ó yẹ kí ó jókòó ṣírò owó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́, ni wọ́n tó di ilé-iṣẹ́. Fún ìrìn tí kò tó wákàtí kan, oní-abẹ̀bẹ̀ kì í jẹ epo bí onífíìrì, ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìyára wọn kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Àkúrẹ́ ni ìṣòro wa tí a kì í fẹ́ dárúkọ. Pápákọ̀ rẹ̀ ti wà kí Èkìtì tó di ìpínlẹ̀ ní 1996, kò sì ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ sí Adó. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti ń kó ará Adó ní Àkúrẹ́ kò rí ìdí tí yóò fi pín èrò kan náà sí ọ̀nà méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo máàpù nìkan kò mọ ẹ̀rù tí ó wà lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní 2024, a pa Onímọ̀jò àti Elésùn, ọba méjì ilẹ̀ wa, lójú ọ̀nà, ní ọjọ́ kan náà tí a jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbé ní Emùré. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń fi ẹnu bá ọmọ wọn rin gbogbo ìrìn náà lórí fóònù, láti ibi tí wọ́n ti wọkọ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti sọ̀. Ìyẹn ni ó mú wa gbàgbọ́ pé Àbújá ni ó yẹ kí Adó kọ́kọ́ bẹ̀, kì í ṣe Èkó. Ẹni tí ń lọ sí Èkó ṣì lè fara da ọ̀nà. Ọ̀nà Àbújá gùn jù, ó sì ń dẹ́rù bani, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn olùkọ́ yunifásítì Adó àti Ọ̀yẹ́, àti àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní ABUAD sì ń rìn ín.

Ní ti ẹrù, a kò fẹ́ tan ara wa jẹ. Orúkọ pápákọ̀ náà sọ nípa ẹrù oko, ṣùgbọ́n iṣu kò yẹ fún ọkọ̀ òfuurufú. Ó wúwo, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lórí kílò. Kòkó wa ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ohun tí ó ń san owó òfuurufú ni ohun fífúyẹ́ tí ó gbówó lórí, tàbí èyí tí yóò bàjẹ́ bí ó bá pẹ́, bí ewébẹ̀ tútù tí a ti fọ̀, tí a sì ti dì, tàbí oògùn. Kí a tó ní ilé tútù tí a ó ti máa dì wọ́n, èrò ni yóò gbé pápákọ̀ yìí ró.

Àwọn kan ń dá a lábàá pé kí Èkìtì ní ọkọ̀ tirẹ̀, kí a kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀ wa, bí Akwa Ibom ti ṣe Ibom Air ní oṣù Kẹfà 2019. A gbà pé Ibom Air ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí ó ní owó epo rọ̀bì ni, pápákọ̀ Úyò sì ti ń gba èrò láti 2009, ọdún mẹ́wàá kí ọkọ̀ tirẹ̀ tó dé. Owó tí a ó fi ra ọ̀dà, ó sàn kí a fi ra iná tí ń tàn sí ojú ọ̀nà ọkọ̀ lálẹ́.

Iná yẹn ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ orílẹ̀-èdè wa, nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, iṣẹ́ ti parí. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ ní Èkó lọ́sàn-án, ìlú tí kò ní iná ni a ó kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ìrìn ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ibi tí ọkọ̀ yóò sùn náà wà níbẹ̀. Bí ó bá sùn ní Adó, yóò lè gbéra ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, òṣìṣẹ́ tí ó wá sin ìyá rẹ̀ yóò sì dé Àbújá nígbà tí ọ́fíìsì rẹ̀ ń ṣí. Bí ó bá sùn ní Àbújá, kò lè dé Adó kí ó sì padà kí agogo mẹ́sàn-án ó tó lù, òṣìṣẹ́ náà yóò sì ti gba ọ̀nà mọ́tò ní ọjọ́ Àìkú.