Òróró Mímọ́ fún Àwọn Aláìsàn: Nígbà Wo ni Ó Yẹ kí A Ránṣẹ́ Pe Fadá?

Àṣìṣe kan wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjọ Àgùdà ní Òtu àti ní àwọn abúlé oko tí ó yí i ká. Bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ará ilé rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Òróró Mímọ́. Wọn a ní, “Ẹ má tíì pe Fadá, kò tíì fẹ́ kú.” Wọn a dúró títí ohùn aláìsàn yóò fi sé, nígbà tí Fadá bá sì dé, òkú ni yóò bá nílẹ̀. A kì í fi Òróró Mímọ́ kun òkú, nítorí alààyè ni a fi Sákrámẹ́ńtì fún. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn náà wò.

Ìhìnrere Máàkù, orí 6, sọ pé àwọn Àpọ́sítélì tí Jésù rán jáde fi òróró kun ọ̀pọ̀ aláìsàn, ara wọn sì dá. Jákọ́bù Mímọ́, ní orí 5 ìwé rẹ̀, ní kí aláìsàn ránṣẹ́ pe àwọn àgbà Ìjọ, kí wọn gbàdúrà fún un, kí wọn sì fi òróró kùn ún ní orúkọ Olúwa. Ẹ kíyè sí i: aláìsàn ni ó wí, kò wí pé ẹni tí ń kú lọ.

Láyé àtijọ́, Ìkùnra Ìkẹyìn ni a ń pè é, orúkọ náà sì dá ẹ̀rù sí ọkàn àwọn ènìyàn. Ojú, etí, imú, ẹnu, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni Fadá ń fi òróró kàn nígbà náà. Ní 1972, lẹ́yìn Àpèjọ Vatican Kejì (1962 sí 1965), Póòpù Paul Kẹfà tún ìlànà náà ṣe. Láti ìgbà náà, iwájú orí àti ọwọ́ méjèèjì ni a ń kùn.

Ta ni ó yẹ fún? Ẹni tí àìsàn líle ń ṣe. Ẹni tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí àrùn tí ó léwu. Arúgbó tí agbára rẹ̀ ń tán lọ. Àti ọmọdé tí ó ti ní òye. Bí ara ẹni náà bá yá, tí àìsàn líle tún mú un, tàbí tí àìsàn kan náà bá le sí i, a lè tún un kùn.

Kí ni ó ń ṣe? A máa fún aláìsàn ní okun, àlàáfíà àti ìgboyà. A máa so ìyà rẹ̀ mọ́ ìyà Jésù. A máa mú ìdáríjì wá fún ẹni tí kò lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. A sì máa mú ara dá, bí ó bá jẹ́ ire fún ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ó súnmọ́ ikú gan-an, Kòmúníọ̀ Mímọ́ ni oúnjẹ ìrìnàjò rẹ̀.

Òróró ólífì ni a ń lò; ṣùgbọ́n níbi tí ó bá ti ṣọ̀wọ́n, a lè lo òróró mìíràn tí ó ti ara ohun ọ̀gbìn wá. Bíṣọ́ọ̀bù ni ó máa ń súre sí i ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Àmì yìí kì í ṣe àjèjì sí ará Òkè-Ògùn, nítorí òrí tí a mú láti ara èso igi emi ni àwọn ìyá wa fi ń pa ọmọ lára. Síbẹ̀, òrí ilé kì í ṣe Sákrámẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ ni òróró inú ìgò tí a rà lọ́jà kì í ṣe é. Bíṣọ́ọ̀bù tàbí Fadá nìkan ni ó lè fúnni. Katikísì kò lè ṣe é.

Òróró Mímọ́ kò sì lé oníṣègùn lọ. Àwọn Fadá ti Ẹgbẹ́ SMA, tí wọ́n ń fi Òróró Mímọ́ kun àwọn aláìsàn ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1895, lábẹ́ Fadá Jean-Marie Coquard. Nítorí náà, bí ibà bá ń mú kí ọmọ máa gìrì, bí ejò bá bu àgbẹ̀ jẹ, bí aboyún bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn sì máa lọ pe Fadá. Ẹsẹ̀ méjì ni ènìyàn fi ń rìn.

Ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

1. Ẹ ránṣẹ́ nígbà tí aláìsàn ṣì mọ ènìyàn, kí ó lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà oko ni kí ẹ rán, pàápàá nígbà òjò tí odò kún.

2. Ẹ gbá iyàrá. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí ẹ gbé àgbélébùú, àbẹ́là àti omi sí i.

3. Ẹ jáde nígbà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo ilé wọlé láti bá a gbàdúrà.

4. Bí Fadá bá pẹ́, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ bá aláìsàn gbàdúrà, kí ẹ ràn án lọ́wọ́ láti kẹ́dùn ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bí ẹni tí kò tíì ṣe ìrìbọmi bá ń kú lọ, tí ó sì fẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni lè da omi sí i lórí, kí ó wẹ̀ ẹ́ ní orúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́.

Láti 1993 ni Ìjọ ti ń ya ọjọ́ 11 oṣù Kejì sọ́tọ̀ fún àwọn aláìsàn káàkiri ayé. Kí ọjọ́ náà tó dé, kí olúkúlùkù wo ilé rẹ̀ àti ilé aládùúgbò rẹ̀: ta ni ó dùbúlẹ̀, tí Fadá kò tíì mọ̀? Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ tètè ránṣẹ́.