Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ọkọ̀: Ìdarí àti Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Lójú Omi

Ibi kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó mú ilé-ẹ̀kọ́ wa dé ọjọ́ ìrántí yìí. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, a sábà máa ń gbọ́ ọ pé ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń tọ́ àwọn aṣáájú ọ̀la. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n irú aṣáájú wo ni a ń tọ́? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé lọ sí etí odò, nítorí bí omi bá yí ènìyàn ká, kì í pẹ́ kí a tó mọ olórí tòótọ́ yàtọ̀ sí olórí orúkọ lásán.

1. Odò tí ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà wa

Àwa tí a mọ Kétu, Ìkòsí àti Mile 12 kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Odò Ògùn ń ṣàn bọ̀ láti agbègbè Ṣakí, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Mile 12 lọ sínú ọ̀sà Èkó. Láti ìgbà àwọn baba wọn ni àwọn ará Àgbóyì ti ń fi ọkọ̀ ojú omi rékọjá sí Kétu. Ọmọ ilé-ìwé ń wọ̀ ọ́, ìyá ọlọ́jà sì ń fi í kó ẹrù. Nígbà òjò, pàápàá ní oṣù Kẹ́sàn-án àti oṣù Kẹwàá, bí wọ́n bá tún tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán tí a ṣí ní 1983, odò a máa kún wọ Agiliti, Ajégúnlẹ̀ àti Òwòdé-Ẹlẹ́dẹ̀. Ní 2010, omi lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nínú ilé wọn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó mọ ọkọ̀ í tù ni àdúgbò ń wá kiri, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń tu ọkọ̀ onígi náà. Ẹni tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ ni ó ń tọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà níwájú ni ojú rẹ̀ tó. Ẹni iwájú ni ó ń rí kùkùté àti koríko tí ó dí ojú omi. Ó gbọ́dọ̀ tètè pariwo, nítorí kò lè yí ọkọ̀ padà fúnra rẹ̀. Bí àwọn tí ó mú àjẹ̀ kò bá gbọ́ra wọn yé, ọkọ̀ yóò máa yí lójú kan. Àwọn èrò àárín náà ní iṣẹ́ tiwọn: ẹni tí ó bá dìde lójijì lè da gbogbo wọn sómi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí ń ṣẹ nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́.

2. Ẹlẹ́wọ̀n tí ó mọ omi

Nínú ibi kíkà wa, ọkọ̀ kan ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù. Kò ní ipò kankan nínú ọkọ̀ náà, ẹlẹ́wọ̀n ni. Síbẹ̀ òun ni ó kìlọ̀ pé àkókò ti kọjá láti máa rìn lójú òkun. Balógun ọ̀rún fetí sí ọ̀gá ọkọ̀ àti ẹni tí ó ni ọkọ̀, ìkìlọ̀ Pọ́ọ̀lù sì di ohun tí a fi sẹ́yìn. Ìjì dé, ó sì jà wọ́n fún ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Nígbà tí ilẹ̀ sún mọ́ tòsí lóru, àwọn atukọ̀ sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ju ìdákọ̀ró sómi, ṣùgbọ́n sísá ni wọ́n fẹ́ sá. Pọ́ọ̀lù sọ fún balógun ọ̀rún pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró, kò sí ìgbàlà fún àwọn yòókù. Lọ́tẹ̀ yìí, balógun gbọ́. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gé okùn ọkọ̀ kékeré náà. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, Pọ́ọ̀lù gba gbogbo wọn níyànjú láti jẹun, òun fúnra rẹ̀ sì kọ́kọ́ jẹ níwájú wọn. Ọkọ̀ náà fọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọkàn 276 ni ó gúnlẹ̀ láàyè, àwọn kan lúwẹ̀ẹ́, àwọn kan di pákó mú.

Ẹ ṣàkíyèsí balógun náà. Ó kọ ìmọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan, ó gbà á lẹ́ẹ̀kejì, gbígbà yẹn ni ó sì dá ẹ̀mí sí. Ìtìjú kò mú un taku sí ìpinnu àkọ́kọ́.

3. Crowther àti odò Ọya

Ìtàn ilẹ̀ wa náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, wọ odò Ọya láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà láàárín wọn, nígbà tí kò tíì di àlùfáà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe lórí odò náà ni a ń yìn. Ìwà àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ó kàn wá. Ibà kọlù wọ́n. Nínú àwọn òyìnbó 145, nǹkan bí 130 ni ó dùbúlẹ̀, nǹkan bí 40 sì kú. Méjì nínú ọkọ̀ náà yí padà pẹ̀lú àwọn aláìsàn. Nígbà tí Albert fẹ́ padà sí òkun, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tọ́ ọ àti láti mú ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ti dùbúlẹ̀. Dókítà Stanger, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwádìí òkúta, fi ìwé kọ́ ara rẹ̀ bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń bójú tó o. Dókítà McWilliam oníṣègùn ń tọ́ ọkọ̀, ó sì tún ń tọ́jú aláìsàn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ títí John Beecroft fi gbé ọkọ̀ Ethiope wá pàdé wọn, tí ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ dé òkun.

Ọdún mẹ́tàlá kọjá. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad tún gòkè odò, Crowther sì tún wà nínú rẹ̀. Beecroft ni wọ́n yàn láti ṣáájú, ṣùgbọ́n ó kú kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó di dandan kí William Balfour Baikie, oníṣègùn tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, gba ipò rẹ̀. Àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ kò ju 12 lọ. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ jẹ́ 54. Baikie kò dúró kí ibà dé kí ó tó fún wọn ní oògùn kíníìnì. Ó ní kí wọ́n máa lò ó ṣáájú. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. 1897 ni Ronald Ross tó rí ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ lára òkú àwọn tí ó ṣáájú wọn. Wọ́n gòkè odò Bẹ́núé kọjá ibi tí àwọn òyìnbó ìṣáájú dé, wọ́n sì padà láìsí ẹni tí ó kú.

Ní 1857, ọkọ̀ Dayspring kọlu àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà, ó sì fọ́. Crowther wà nínú èyí náà. Wọ́n pàgọ́ sí etí odò. John Glover, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, fi ẹsẹ̀ rìn wá sí Èkó láti wá ohun èlò. Ìbá rọrùn fún un láti jókòó sí Èkó, ṣùgbọ́n ó padà lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

4. Ilé-ẹ̀kọ́ ojú omi ní ayé òde òní

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n dá ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní Man O' War Bay, ní etí òkun Kamẹrúùnù, láti fi ọkọ̀, okùn àti òkè gíga kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní ìdarí. Lẹ́yìn òmìnira ó kó wá sílé: ẹ̀ka ti ojú omi wà ní Àpápá, ti orí òkè sì wà ní Shere Hills lẹ́bàá Jos. Láti ibẹ̀ ni orúkọ Man O' War tí àwọn àgùnbánirọ̀ mọ̀ ní àgọ́ wọn ti wá. Àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé a kò lè fi ìwé nìkan kọ́ ọmọ bí a ti ń gbára lé ẹlòmíràn. Ó gbọ́dọ̀ di okùn mú fún ẹnìkejì rẹ̀, kí ẹnìkejì náà sì di tirẹ̀ mú.

5. Kí ni èyí bá wa wí?

Ẹ̀yin òbí, gbogbo wa ni a ń gbàdúrà pé kí ọmọ wa jẹ́ orí, kí ó má ṣe jẹ́ ìrù. Àdúrà náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kọ́ bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ tí ọmọ ẹlòmíràn ń tọ́. Ẹ má ṣe bá a bínú bí wọn kò bá yàn án ṣe olórí akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti ń ran ẹni tí wọ́n yàn lọ́wọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì fẹ́ mú àwọn ọmọ lọ sójú omi, kí á ti kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́, kí olúkúlùkù wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí èrò má pọ̀ jù, kí wọ́n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Olórí tí ó fi ẹ̀mí ọmọ wéwu kò tíì mọ ohun tí ìdarí jẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn tí ó fẹ́ di ìdí ọkọ̀ mú pọ̀, àwọn tí ó fẹ́ mú àjẹ̀ kéré. Bí ìbò kò bá sì gbè wá, a ń yára sọ ọkọ̀ kékeré tiwa kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí kò parí ní ilẹ̀ wa, irú èdè-àìyedè yìí ni ó dá a dúró. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí a dúró nínú ọkọ̀, kí a sọ ohun tí a rí níwájú, kí ẹni tí ó wà ní ìdí sì fetí sílẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé àti nínú ẹgbẹ́

1. Ta ni kò ní ipò láàárín wa, ṣùgbọ́n tí ó ń rí ewu tí àwa kò rí? Báwo ni a ti ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀?
2. Iṣẹ́ wo ni a lè ṣe bí ẹni tí ó ni ín bá dùbúlẹ̀ àìsàn, bí Stanger àti McWilliam ti ṣe?
3. Ẹ̀kọ́ wo ni a ti rí kọ́ lára ohun tí ó bàjẹ́ mọ́ àwọn tí ó ṣáájú wa lọ́wọ́?
4. Ǹjẹ́ a ní ọkọ̀ kékeré kan tí a ti ń múra láti fi sá? Ta ni yóò gé okùn rẹ̀?

Kí Ọlọ́run tí ó mú Pọ́ọ̀lù àti gbogbo àwọn tí ó bá a wọkọ̀ dé èbúté mú ilé-ẹ̀kọ́ wa àti àwọn ọmọ wa gúnlẹ̀ láìsí òfò. Àmín.