Galveston: Ẹ Fi Inú Ọmọ Tó Kéré Jù Wọn Omi

Bí ẹ bá kó ẹbí lọ kí àwọn ará ní Houston, òkun kò jìnnà sí yín. Nǹkan bí 50 máìlì ni títì márosẹ̀ I-45 máa fi gbé yín dé erékùṣù Galveston, níbi tí ọkọ̀ ìpẹja tí wọ́n ń háyà fún àlejò pọ̀ sí. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: ṣé ọ̀sà lẹ ń lọ ni, àbí òkun?

Nínú ìpolówó, ìkan náà ni wọ́n: omi aró, ẹja ńlá, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni o. Ọ̀sà, tí wọ́n ń pè ní Galveston Bay, wà lẹ́yìn erékùṣù; ilẹ̀ ló ń gba ìgbì fún un, wákàtí mẹ́rin sì tó láti lọ pẹja níbẹ̀ kí ẹ sì padà. Òkun ní tirẹ̀ kì í tètè jìn lápá ibẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ lè rin 50 máìlì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé ibi jíjìn tí ẹja pupa tí wọ́n ń pè ní red snapper ń gbé. Ẹ óò gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, ìrọ̀lẹ́ lẹ máa padà. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ àjọwọ̀ ni, tí ogún èèyàn ti sanwó sí i, kò sẹ́ni tó máa yí i padà torí pé ọmọ yín ń bì.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Lọ́dún tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ lọ, òkun la mú, torí ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ti Ìkòròdú wá sí Amẹ́ríkà wá wo ọ̀sà. Àwọn ilé gogoro etíkun kò tíì pòórá lẹ́yìn wa tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ ọdún méje, fi di ike mú. "Dádì, ẹ ní kí wọ́n páàkì." Gbogbo ọkọ̀ ń wò wá, ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n fẹ́ páàkì sí? Orí bẹ́ńṣì ni ọmọ náà sùn títí di aago mẹ́rin, tí ìyá rẹ̀ ń fi omi tútù nù ún lójú, tí ẹ̀gbọ́n mi kò sì lè wojú ìyàwó. Lọ́dún kejì, a ò jiyàn mọ́. Ọ̀sà ni.

Oògùn èébì wà, bíi meclizine. Ẹ bi apoògùn léèrè èyí tó tọ́ sí ọmọdé, kí ẹ sì lò ó kí ẹ tó wọkọ̀; bí inú bá ti ń rú, ó ti pẹ́ jù. Ẹ jókòó sí àárín ọkọ̀ tàbí ẹ̀yìn, níbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ tẹjú mọ́ ibi tí ọ̀run ti pàdé omi. Ẹni tó bá ń wo fóònù ló máa kọ́kọ́ bì. Búrẹ́dì gbígbẹ ni kí ẹ jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí àkàrà sinmi.

Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílé pẹ̀lú. Èèwọ̀ àwọn apẹja ni: wọ́n ní ọkọ̀ tó bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í rẹ́ja pa. Àwàdà ni mo pè é, àfìgbà tí ọmọ iṣẹ́ inú ọkọ̀ rí ọ̀rá ìpékeré lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ó yẹ ọ̀rá náà wò síwá sẹ́yìn, ó bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é. "Àgbàdo," ni ìyàwó wa wí, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ẹni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì ìpẹja ìpínlẹ̀ Texas tó fàyè gba omi oníyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lẹ wọ̀. Ti ọjọ́ kan ṣoṣo wà. Texas Parks and Wildlife ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kò gbọ́dọ̀ gbà ju èrò 6 lọ, kì í sì í ṣe dáńfó tí wọ́n ti ń gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ méje, ọkọ̀ míì ni.

Bí atukọ̀ bá ní afẹ́fẹ́ pọ̀, ẹ gbà fún un. Ìlú tí ìjì ọdún 1900 ti pa ó kéré tán 6,000 èèyàn kì í fi afẹ́fẹ́ ṣeré. Torí ìjì yẹn ni wọ́n ṣe mọ ògiri gìrìwò tó wà létíkun. Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá lè lọ pẹja, ẹ wọ ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò sọdá sí Bolivar, ọ̀fẹ́ ni. Tàbí kí ẹ rìn dé àdúgbò Strand, kí àwọn ọmọ wo àwòrán ara ògiri tó ń rántí 19 June 1865, nígbà tí wọ́n kéde nílùú yìí pé àwọn ẹrú Texas ti di òmìnira.

Lórí ọ̀sà, edé ààyè ni ìdẹ. Ó máa dun àwọn ìyá. Ẹja tí wọ́n ń pè ní redfish lẹ ń wá, ìbátan croaker ni, àmì dúdú kan rogodo wà nídìí ìrù rẹ̀. Tí kò bá tó 20 ínǹṣì, omi ló ń padà sí. Èyí tó jọ òbòkún tó sábà máa ń kọ́kọ́ gbé ìwọ̀ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ti ìhà rẹ̀ ní oró, ọwọ́ tó bá gún á wú, á sì máa ro. Atukọ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó tú u.

Nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀, ọmọ iṣẹ́ máa gbé ẹja sórí tábìlì, á fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ẹran ìhà méjèèjì, á sì ju orí àti egungun sí àwọn ẹyẹ òfú tó ti tò sílẹ̀ tí wọ́n ń dúró. Ìṣẹ́jú kan kò gbà á. Orí ẹja àkọ́kọ́ tí àbígbẹ̀yìn wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà sókè, bó ṣe lọ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi sì la ẹnu sílẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọ iṣẹ́ tó mú ọ̀bẹ ni kí ẹ ti sọ pé ẹ fẹ́ orí, kí ẹ sì gbé kúlà oníyìnyín dè é. Owó ọwọ́ rẹ̀ kì í wọ inú owó ọkọ̀. Dọ́là 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fún un.