Ẹ Jẹ́ Kí Omi Ẹja Yín Dúró Sójú Kan

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí omi inú pọ́ǹdù àti táǹkì ẹja.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé àgbẹ̀ á fún ẹja lóúnjẹ nírọ̀lẹ́, wọ́n á jẹ dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, òkú ẹja ti kún ojú omi. Owó oúnjẹ oṣù mẹ́rin, owó tí a yá lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, gbogbo rẹ̀ wọmi. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ọ̀tá ló da májèlé sí i. Ìjà á dé láàárín aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí ẹ tó di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni, ẹ yẹ omi wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi tó yí padà lójijì ló pa ẹja.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ OMI?

1. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn: Ẹja ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Àwọn ewé wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń mú kí omi ní àwọ̀ ewé. Lọ́sàn-án, tí òòrùn bá ń ràn, wọ́n ń fún omi ní ọ́síjìn. Lóru, àwọn náà á bá ẹja pín in lò. Ìdí nìyí tí ọ́síjìn fi máa ń kéré jù lọ nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́. Àrọ̀ tó ti dàgbà lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lójú omi, ṣùgbọ́n ẹpìyà àti àwọn ọmọ àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

2. Kíkan omi: Òun ni wọ́n ń fi pH wọ̀n, láti 0 dé 14. 7 ló wà láàárín. Bí ó bá wálẹ̀ sí i, omi ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Bí ó bá gòkè sí i, ó ń dà bí omi eérú tàbí káún. Láàárín 6.5 sí 9 ló dára fún ẹja. Omi tó ní àwọ̀ ewé máa ń gòkè lọ́sàn-án, á sì wálẹ̀ ní ìdájí. Bí ìyàtọ̀ náà bá kéré, kò séwu. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń dá ẹja lágara, wọn ò ní jẹun, àìsàn á sì wọlé.

3. Amóníà: Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ló ń mú un wá. Òun náà ló ń ta yín nímú nílé adìyẹ. Nínú omi, ó lè ti pa ẹja kí imú tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí pH bá ṣe ń gòkè, tí omi sì ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni oró amóníà ń le sí i.

BÍ Ẹ Ó ṢE YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Ẹ ra bébà pH. Ẹ tì í bọ omi kí òòrùn tó yọ, kí ẹ sì tún un ṣe ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ 6.5 láàárọ̀, tó wá di 9.5 lọ́sàn-án, omi yín kò dúró sójú kan rárá.

Nínú pọ́ǹdù ilẹ̀, ẹ na ọwọ́ bọ omi dé ìgúnpá, kí ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti pòórá kí omi tó dé ìgúnpá, ewé inú omi ti pọ̀ jù. Ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ má da ìgbẹ́ ẹran sí i mọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

Láìmù: Èyí ni òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná fún iṣẹ́ oko. Ó máa ń di omi mú, kí pH má baà máa lọ sókè sódò. Bí ilẹ̀ yín bá ń kan, pọ́ǹdù tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 10, máa ń gba kílò 20 sí 40. Ẹ fọ́n ọn sí ìsàlẹ̀ pọ́ǹdù lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbẹ́ omi tán. Láìmù gbígbóná, tó máa ń hó bí omi bá kàn án, ẹ má dà á sí omi tí ẹja wà nínú rẹ̀ láé.

Oúnjẹ: Ẹja 500 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn giráàmù 200 jẹ́ kílò 100. Bí ẹ bá ń fún wọn ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, kílò 3 ni lójúmọ́. Ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń jẹrà di amóníà. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ dín in kù.

Pípààrọ̀ omi: Ẹ má ṣe da gbogbo omi nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Táǹkì tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 1, gba lítà 12,000. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, lítà 4,000, ti tó. Ẹ jẹ́ kó jáde láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìdọ̀tí wà. Omi bohóòlù kì í sábà ní ọ́síjìn púpọ̀. Ẹ lu páìpù níhò, kó máa rọ̀ bí òjò láti òkè. Omi ẹ̀rọ ìjọba tí wọ́n fi kòkòrò-kú sí, ẹ jẹ́ kó wà ní gbangba fún ọjọ́ kan sí méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja.

Táǹkì tuntun: Sìmẹ́ńtì tuntun máa ń gbé pH sókè gan-an. Ẹ pọn omi kún un, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ dà á nù, kí ẹ tún pọn òmíràn. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí pH yóò fi wà nísàlẹ̀ 9 kí ẹ tó kó ẹja sí i.

Ọmọ ẹja tuntun: Ẹ gbé ọ̀rá wọn lé ojú omi fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ máa bu omi yín sí i díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀.

BÍ ẸJA BÁ Ń YA ẸNU LÓJÚ OMI

Ẹ dá oúnjẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi tuntun máa rọ̀ wọlé láti òkè. Ẹ kó òkú ẹja kúrò. Ẹ má sáré da láìmù tàbí oògùn kankan sí i.

Lóòótọ́, májèlé náà ń pa ẹja, pàápàá oògùn tí òjò bá gbá wá láti oko tí wọ́n fín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àìtó ọ́síjìn, ìdájí ni wọ́n sábà máa ń kú, àwọn ńlá ló sì máa ń ṣáájú. Májèlé kì í dúró de ìdájí, àwọn kéékèèké ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ pa.

Ẹ RÁNTÍ: pH láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, oúnjẹ níwọ̀nba, omi díẹ̀díẹ̀. Bí ohun kan kò bá yé yín, ẹ bi òṣìṣẹ́ tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní àdúgbò yín. Iṣẹ́ ọwọ́ wa kò ní bómi lọ o.