Ìdáhùn sí Lẹ́tà Òǹkàwé: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Àwòrán Gíráàfù Tó Wà Lójú Ẹ̀rọ Ìṣírò

Ìbéèrè méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ìlaró fi ránṣẹ́. Èkínní ni bí òun yóò ṣe mú gíráàfù tí òun yà sójú ẹ̀rọ ìṣírò TI-84 Plus, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti London, jáde kúrò nínú ẹ̀rọ náà kí ó lè wọ inú ìwé iṣẹ́ àkànṣe tí òun fẹ́ fi parí ẹ̀kọ́. Èkejì ni bóyá àbúrò òun, tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ayétòrò, lè mú ẹ̀rọ kan náà wọ gbọ̀ngàn ìdánwò WAEC. Ìdáhùn sí èkejì kò gùn, yóò sì wá níkẹyìn. Èkínní ni ó gba àlàyé, nítorí pé kí ènìyàn tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú àwòrán gíráàfù, ó yẹ kí ó mọ ohun tí àwòrán náà gbé dání àti ohun tí kò gbé dání.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹ̀rọ ìṣírò tí ń ya gíráàfù ti dáyé. Ilé-iṣẹ́ Casio ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà ní ọdún 1985, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ fx-7000G. Texas Instruments gbé TI-81 tiwọn jáde ní 1990, TI-84 Plus tí ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí sì dé ní 2004. Ojú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kún fún ààmì kéékèèké tí a ń pè ní píksẹ̀lì, tí ẹ̀rọ lè sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di dúdú tàbí kí ó fi í sílẹ̀ lófìfo, àwọn wọ̀nyí tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn sì ni ojú ènìyàn ń rí bí ìlà. Ti TI-84 Plus jẹ́ 96 ní ìbú àti 64 ní òòró, iye tí ó kéré púpọ̀ sí ti fóònù èyíkéyìí tí a ń tà ní ọjà lónìí, òun náà ni ó sì fa ọ̀pọ̀ ìṣòro tí a óò mẹ́nu bà nísàlẹ̀.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ní ibi tí ó ń tọ́jú àwòrán sí. Bí gíráàfù bá ti wà lójú ẹ̀rọ, a ó tẹ 2nd, a ó sì tẹ PRGM, nítorí pé òkè bọ́tìnì yẹn ni wọ́n kọ DRAW sí. A ó sún lọ sí apá ọ̀tún títí a ó fi dé STO, a ó mú StorePic, a ó kọ nọ́ńbà kan tẹ̀lé e, lẹ́yìn èyí ni a ó tẹ ENTER. Àyè mẹ́wàá ni ó wà, láti Pic1 títí dé Pic9 pẹ̀lú Pic0, àwòrán kọ̀ọ̀kan sì ń gba ohun tí ó lé ní báìtì 750, tí ó túmọ̀ sí pé bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá kún, wọn yóò ti gba ohun tí ó súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta nínú kílóbáìtì 24 tí ẹ̀rọ náà ní fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. RecallPic, tí ó wà nísàlẹ̀ StorePic, ni a fi ń pe àwòrán náà padà, ṣùgbọ́n orí gíráàfù tí ó bá wà lójú ẹ̀rọ lákòókò náà ni yóò gbé e lé, kò ní kọ́kọ́ pa èyí tí ó bá níbẹ̀ rẹ́. Ojú gíráàfù nìkan ni StorePic mọ̀: kò lè tọ́jú tábìlì nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tọ́jú ojú ewé tí a ti ń ṣe ìṣirò. Àwọn tí ó ní Casio bíi fx-9860GII tàbí fx-CG50 rí àǹfààní ju èyí lọ, nítorí pé SHIFT àti 7, níbi tí wọ́n kọ CAPTURE sí, ń ya ohunkóhun tí ó bá wà lójú ẹ̀rọ.

Ewu kan wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn kí ó tó fi ọkàn tán Pic1. Apá ìrántí tí kì í pẹ́ nù ni àwòrán wọ̀nyí ń wọ̀, tí ẹ̀rọ bá sì ṣèèṣì pa apá náà rẹ́, bóyá nítorí bátìrì tí ó kú pátápátá tàbí nítorí bọ́tìnì tí kò yẹ kí a tẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a tẹ 2nd àti bọ́tìnì +, níbi tí wọ́n kọ MEM sí, kí a mú Archive, kí a sì fi àwòrán náà pamọ́ sí apá kejì tí kì í parẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Ìgbà tí a bá fẹ́ lò ó ni a ó mú UnArchive láti gbà á padà.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ni èyí: Pic1 kì í ṣe gíráàfù, àwòrán gíráàfù ni, gẹ́gẹ́ bí fọ́tò ènìyàn kò ti lè dáhùn bí a bá bi í ní ìbéèrè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pe Pic1 padà ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò ní rí ìdọ́gba tí ó bí ìlà náà, kò ní lè fi TRACE rìn lórí rẹ̀, kò sì ní mọ ibi tí ìlà X ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ẹ jẹ́ kí a wo y = x² − 4x + 1, tí ibi méjì tí ó ti gé ìlà X jẹ́ nǹkan bíi 0.268 àti 3.732. Bí a bá lo gbèdéke tí ẹ̀rọ ń pè ní ZStandard, tí ó lọ láti −10 dé 10, píksẹ̀lì kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi 0.2128, nítorí náà TRACE yóò fò láti 0.2128 sí 0.4255, kò sì ní dé ibi tí a ń wá. Bí a bá lo ZDecimal, tí X lọ láti −4.7 dé 4.7, tí Y sì lọ láti −3.1 dé 3.1, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò di 0.1 gérégé, ìsàlẹ̀ ìlà náà, níbi tí x jẹ́ 2 tí y sì jẹ́ −3, yóò sì hàn láìgé kúrò. Ìdọ́gba kan ṣoṣo ni méjèèjì, àwòrán wọn kò sì jọra rárá. Ẹni tí a bá fún ní àwòrán láìsí gbèdéke kò lè mọ èyí tí òun ń wò. Nítorí náà, lẹ́yìn StorePic, kí a tún mú StoreGDB, tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí í tọ́jú ìdọ́gba àti gbèdéke papọ̀, kí a sì kọ wọ́n sínú ìwé pẹ̀lú.

Láti mú àwòrán kúrò nínú ẹ̀rọ, ọ̀nà tí ó dára jù ni kọ̀ǹpútà. Ètò tí a ń pè ní TI Connect CE, tí Texas Instruments ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, lè ya ojú TI-84 Plus tí a bá fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà, ohunkóhun tí ó bá wà lójú rẹ̀ nígbà náà ni yóò sì yà, tábìlì pẹ̀lú. Okùn náà ni ó máa ń dá àwọn ènìyàn dúró: ẹnu kékeré ti àtijọ́ tí a ń pè ní mini-USB ni ẹ̀rọ yìí ní, kì í ṣe ti fóònù òde òní, okùn kan sì wà tí iná nìkan ni ó lè gbé, tí kò lè gbé ọ̀rọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò rí ẹ̀rọ náà, kí a kọ́kọ́ fi okùn mìíràn dán an wò kí a tó rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Bí kò bá sí okùn, kámẹ́rà fóònù yóò ṣe iṣẹ́ náà, bí a bá ní sùúrù. Ojú TI-84 Plus kò ní iná tirẹ̀, nítorí náà ojú ọ̀sán ni ó dára jù, lábẹ́ òjìji tí oòrùn kò ti lè tàn lójú dígí; kí a pa iná kámẹ́rà, kí a gbé fóònù sókè gan-an lórí ẹ̀rọ kí ìlà má baà wọ́, kí a sì tẹ 2nd àti ọfà òkè títí ìlà yóò fi dúdú dáadáa. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó yà á, kí a tọ́jú rẹ̀ ní irú fáìlì PNG, tí kì í sọ ìlà tóóró di ìdọ̀tí bíi JPEG, kí a sì sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin gérégé, kí píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lè dọ́gba. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ gbé e lọ lórí WhatsApp, kí ó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, nítorí pé WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kí dátà má baà pọ̀. Nísàlẹ̀ àwòrán tí ó wọ ìwé, kí ó kọ ìdọ́gba, gbèdéke X àti Y, àti orúkọ ẹ̀rọ, kí olùkọ́ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ náà lè yà á fúnra rẹ̀ kí ó sì rí ohun kan náà.

Ní ti àbúrò tí ó wà ní Ayétòrò, rárá ni. Ìlànà WAEC fún ìdánwò Ìṣirò gba ẹ̀rọ ìṣírò tí kò ṣeé kọ ètò sí, tí kì í pariwo, tí kò lè tẹ̀wé, tí kò sì lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tàbí gba ọ̀rọ̀. TI-84 Plus ṣeé kọ ètò sí, ó sì lè bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ okùn. Fóònù pẹ̀lú kò gbọdọ̀ wọlé, ìbá à jẹ́ ìṣírò nìkan ni ó ń ṣe. Pépà gíráàfù ni yóò pàdé, pẹ̀lú ìwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà 2 fún ẹyọ kan, tí yóò sì fi ọwọ́ ya ìlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rọ náà nílé. Ayétòrò ni ìlú tí Comprehensive High School ti bẹ̀rẹ̀ ní 1963, nígbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Harvard àti àjọ USAID ti Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀kọ́ inú ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ ti jókòó sí abẹ́ òrùlé kan, èrò náà sì bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an. Kí àbúrò náà kọ́kọ́ fi ọwọ́ ya y = x² − 4x + 1 lórí pépà, kí ó ka ibi tí ó ti gé ìlà X, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó kọ lẹ́tà yìí sì wá pe gíráàfù náà padà lójú ẹ̀rọ pẹ̀lú RecallGDB, kí wọ́n fi CALC wá ibi méjì náà, kí wọ́n wo bí ọwọ́ ṣe súnmọ́ 0.268 tó, bí ìyàtọ̀ bá ju 0.1 lọ, ìwọ̀n tí ó yàn tàbí tábìlì tí ó kọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.