Bí A Ti Ń Mú Ajá Dúró Níwájú Adájọ́

Ní ìdíje ajá tí a ń pè ní Crufts, èyí tí Charles Cruft dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1891, adájọ́ a máa wo eyín ajá, a fi ọwọ́ kàn án láti orí dé ìrù, a sì wo ìrìn rẹ̀. Bí ajá bá ń gbó tàbí tí ó ń súnrakì, kí ni adájọ́ yóò rí?

Iṣẹ́ ẹni tí ó mú ajá wọlé nìyí. Ọwọ́ òsì ni ó sábà fi ń di okùn mú, kì í sì í dúró sí àárín ajá àti adájọ́. Kì í fa okùn le ju, nítorí ajá tètè ń mọ̀ bí àyà olówó rẹ̀ bá ń já. Ṣùgbọ́n ilé ni ẹ̀kọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀: láti kékeré ni a ti ń fọwọ́ kan ajá ní ẹnu, ní etí àti ní àtẹ́lẹsẹ̀, títí kò fi ní kà á sí mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ lè bèèrè ohun tí èyí kàn wá ní Nima, níbi tí àgùntàn ti gbayì ju ajá lọ. Àrùn dìgbòlugi ni. Bí ó bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí. Nígbà tí dókítà ẹran bá gbé abẹ́rẹ́ dé, ajá tí a kò kọ́ a já okùn, a sá lọ láìgbà á. Èyí tí a kọ́ a dúró jẹ́ẹ́. Kí olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ di orí rẹ̀ mú, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà díẹ̀.